Onílé Ẹ̀yìn Ọgbà

Ọmọ́níkẹ́ kọ́kọ́ rò pé bàbá ọkọ òun ti kú ni. Ó dúró lórí bálíkónì, ó ń ká aṣọ àwọn ìbejì rẹ̀ tó sá sórí irin, nígbà tí ojú rẹ̀ ré kọjá ọgbà pákó tó yí apátímẹ́ǹtì wọn ká ní Alief, nílùú Houston. Lódì kejì, níbi tí koríko ti lọ salalu títí dé etí odò, Bàbá Ǹsángù dojú délẹ̀ gbalaja. Fìlà rẹ̀ ti bọ́. Kò mira.

Aṣọ já bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó ilé. Ó sáré sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́, ó gba ojú ibi tí pákó ọgbà ti ṣí kọjá.

"Bàbá! Bàbá, kí ló ṣe yín?"

Arúgbó náà gbé ìka kan sókè, kò gbójú sókè. "Ṣe jẹ́ẹ́," ó ní. "Onílé wà nílé."

Ìgbà náà ni Ọmọ́níkẹ́ rí ihò tó fi etí sí. Ó ṣe róbótó bí ẹnu ife tíì, wọ́n sì hun òwú funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí etí rẹ̀ ká. Bàbá ki pòròpórò koríko kan bọ ẹnu ihò náà, ó ń fi rin ín díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń rin ọmọdé lábíyá. Ẹsẹ̀ méjì yọ jáde, ó nírun, ó nípọn tó ìka ọmọ ọwọ́. Wọ́n fọwọ́ ba koríko náà jẹ́jẹ́, bí afọ́jú tó ń fọwọ́ ba ojú àlejò. Wọ́n tún fà sẹ́yìn, wọ́n wọlé lọ.

"Jésù!" Ọmọ́níkẹ́ ti fò sẹ́yìn kó tó mọ̀ pé òun fò.

Bàbá Ǹsángù dìde jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí arúgbó ti dé Amẹ́ríkà, Ọmọ́níkẹ́ kò tíì rí eyín rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. "Wọ́n ní èyí kò sí níhìn-ín. Irọ́ ni. Aláǹtakùn ilẹ̀ ni, ó kàn fi àwọ̀ yàtọ̀ sí tiwa díẹ̀ ni. Òun ni àwa Bàmúùn ń bi léèrè, bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó."

"Kí lẹ fẹ́ bi í, Bàbá?"

Arúgbó gbọn koríko kúrò lára fìlà rẹ̀. "Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, Ìyá Ìbejì."

Ó mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà ní ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Òrofó bímọ mẹ́fà, ó ní ilé òun kún ṣọ́ṣọ́. Nígbà tí Ọmọ́níkẹ́ bí Táíwò, ọkùnrin, àti Kẹ́hìndé, obìnrin, Sálífù ọkọ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kó má tíì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé àwọn. Ọmọ Bàmúùn ni Sálífù, láti ìlú Fúmbàn ní Kamẹrúùn, ṣùgbọ́n Sábó ní Ìbàdàn ló gbé dàgbà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń rọ ẹgba idẹ àti agogo idẹ tà kó tó padà sí Fúmbàn. Yorùbá rẹ̀ dá ṣáká. Ọmọ́níkẹ́ fi ìkìlọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ Yorùbá tó bí ìbejì, tó wá fi ewé bò wọ́n mọ́lẹ̀ bí ẹni jí ewúrẹ́ gbé? Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ó fi àwọn ọmọ méjèèjì sínú aṣọ kan náà, ó ya wọ́n ní fọ́tò, ó sì fi rán ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn kan tó ń lọ Dúálà, ní Kamẹrúùn, sí àwọn àna rẹ̀. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò pé: Ẹ bá wa yọ̀.

Kò sẹ́ni tó bá a yọ̀. Bàbá Ǹsángù ló dé. Ó ti ta ilé ìrọdẹ rẹ̀ ní Fúmbàn pátá, ó ní ọ̀dọ̀ Sálífù, ọmọ òun kan ṣoṣo, ni òun yóò ti lo ọjọ́ tó kù. Gbogbo wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tó dé náà ló ti sọ ọ́ pé ohun kan ṣì kù kí òun tó jókòó tẹ̀ẹ̀tẹ̀: òun yóò kọ́kọ́ gbé àwọn ìbejì lọ sí ààfin.

Inú mọ́tò ni Sálífù ti là á yé ìyàwó rẹ̀, lórí títì márosẹ̀ freeway, nígbà tí Ọmọ́níkẹ́ ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. Sálífù kàwé epo rọ̀bì, ṣùgbọ́n epo ti já wálẹ̀ lọ́dún náà, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì ti palẹ̀ mọ́. Ọ́fíìsì àwọn ẹlòmíràn ló ń ṣọ́ báyìí ní àdúgbò Greenspoint.

"Nílẹ̀ wa, ìbejì kì í ṣe ọmọ bàbá, kì í sì í ṣe ọmọ ìyá," ó ní. "Ọmọ ààfin ni. Láyé àtijọ́, wọ́n á gbé wọn lọ bá ọba. Èyí tó bá jẹ́ obìnrin lè di aya ọba. Èyí tó bá jẹ́ ọkùnrin á máa ṣọ́ ibojì àwọn ọba tó ti lọ."

"Láyé àtijọ́, lo sọ."

"Láyé àtijọ́ ni. Ọba òde òní kì í fi dandan gba ọmọ ẹnikẹ́ni."

"Ó tán nìyẹn."

"Bàbá mi kì í ṣe ará òde òní, Níkẹ́."

Mọ́tò ńlá kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, gbogbo gíláàsì gbọ̀n. Ọmọ́níkẹ́ jẹ́ kó kọjá tán. "Tí wọ́n bá gbé wọn débẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n ń dá wọn padà?"

Sálífù na ọwọ́, ó yí rédíò sókè.

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti bá Ọmọ́níkẹ́ ṣọ̀tá. Bí Bàbá bá gbé Táíwò, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ilẹ̀kùn. Bó bá wọ ilé ìwẹ̀, á jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ kí ó lè máa gbọ́ mímí àwọn ọmọ. Arúgbó náà kò ṣe wọ́n níbi rárá, ẹ má ṣì í gbọ́. Ó ń kọrin fún wọn, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu itọ́ ẹnu wọn. Ìyẹn gan-an ló ń já a láyà. Bí ẹni tó ń tọ́jú ẹrù ẹlẹ́rù ló ṣe ń tọ́jú wọn.

Ó ti rọ ẹgba ọwọ́ idẹ kékeré méjì wá láti ilé. Wọ́n fín ejò olórí méjì sára wọn, orí kan níhìn-ín, orí kan lọ́hùn-ún, kò sí ìrù. Bàbá ní àmì ọba àwọn kan ni, Mbúẹ̀mbúẹ̀, òmìrán ọkùnrin tí ọ̀tá gba iwájú àti ẹ̀yìn yọ sí, tó sì ṣẹ́gun wọn níhà méjèèjì. Ìtàn tó dùn ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe fi ẹgba náà sí Kẹ́hìndé lọ́wọ́, ọmọ náà ké tòò, kò sì dákẹ́ títí wọ́n fi bọ́ ọ. Lójú Ọmọ́níkẹ́, ejò náà ń wo òun ní ìhà méjèèjì.

Ọjọ́ tí Ọmọ́níkẹ́ lanu sọ̀rọ̀, ìdí oúnjẹ ni wọ́n wà. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má gbé àwọn ọmọ mi lọ."

"Ọmọ ta?"

"Ọmọ mi, sà. Èmi ni mo lóyún wọn."

"Ilẹ̀ ló ń lóyún iṣu," arúgbó wí, "kì í ṣe ilẹ̀ ló ń jẹ ẹ́."

"Bàbá, ẹ rọra," Sálífù sọ. Ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀.

"Mo rọra. Ìwọ Sálífù, dákẹ́, jẹ́ kó gbọ́." Bàbá Ǹsángù ti abọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Nígbà tí àwọn Faransé mú ọba wa kúrò nílùú lọ sí Yawùndé, ọmọdé ni mí. Ìyá mi bí ìbejì. Kò sí ọba tí a ó gbé wọn lọ bá. Bàbá mi fi wọ́n pamọ́ sí yàrá tí a ń kó ìkòkò sí. Ó ní ayé ti bàjẹ́, òfin ti kú. Òfin kò kú. Ọ̀kan kú láàárọ̀, oòrùn ọjọ́ náà kò tíì wọ̀ tí èkejì fi tẹ̀ lé e. Ọwọ́ mi ni àtùpà wà nígbà tí wọ́n ń sin wọ́n." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Ìwọ rò pé mo wá jí ọmọ. Ẹ̀rù ló gbé mi wá, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀rù bíi tìrẹ."

Kò sẹ́ni tó lè jẹun mọ́. Arúgbó ní òun kì í ṣe olè. Bí òun bá rí aláǹtakùn ilẹ̀ nítòsí, àwọn yóò bi í. Bó bá ní kí àwọn ọmọ dúró, òun gbà. Bó bá ní kí wọ́n lọ, kí ẹnikẹ́ni má bá òun jiyàn mọ́.

Ọmọ́níkẹ́ gbà kíá. Ní Houston? Níbi tí wọ́n ti ń fín oògùn kòkòrò sí gbogbo apátímẹ́ǹtì? Níbo ni yóò ti rí i? Ó fi ẹnu ara rẹ̀ gbà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ arúgbó lọ́wọ́. Àfi bó ṣe rí i ní gbalaja nínú koríko lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, tí onílé sì wà nílé.

Tóyìn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ti ń gbọ́ ìtàn náà díẹ̀díẹ̀. Ó wá dirun lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó sílẹ̀, orí rẹ̀ láàárín itan Ọmọ́níkẹ́, ẹnu rẹ̀ kò sì sinmi.

"Ìwọ lo lọ fẹ́ ọkọ tí aláǹtakùn ń jẹ oyè nílé wọn! Abeg, sé omi. Kó hó pọ̀pọ̀. Dà á sínú ihò yẹn, kó o da blíìṣì lé e. Finish."

"Mo ti gbé kẹ́tùlù dé etí ihò láàárọ̀ yìí."

Tóyìn yí orí padà, òòyà sì wà nínú irun rẹ̀. "Ehn? Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Bàbá ti sọ ọ́. Ó ní bí onílé bá kú kó tó dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn: kí wọ́n máa lọ."

Ọmọ́níkẹ́ kò sọ èyí tó kù fún Tóyìn: pé nígbà tí òun dúró síbẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná, ẹsẹ̀ méjì náà yọ sẹ́nu ihò, wọ́n sì dúró, bíi pé wọ́n ń retí ohun tí òun fẹ́ ṣe.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Bàbá tẹ́ ìbéèrè. Ó mú Sálífù àti Ọmọ́níkẹ́ dání, kí wọ́n má baà ní òun ṣe é níkọ̀kọ̀. Ó tú àpò awọ kan, ó kó àwọn ewé jáde, ewé líle tó ti gbẹ, tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì fi abẹ ya àmì sí lára: ilé, ọ̀nà, aláìsàn, ọba. Ó fi ọ̀kan han Ọmọ́níkẹ́. Ilà méjì ló wà lára rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́.

"Àwọn ọmọ nìyí."

Ó ri igi kékeré kan mọ́lẹ̀ lápá òsì ihò, ó gbé òkúta kan kalẹ̀ lápá ọ̀tún. "Igi: kí wọ́n lọ. Òkúta: kí wọ́n dúró. Ibi tí onílé bá gbé ewé wọn sí, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà." Ó to àwọn ewé sẹ́nu ihò, ó fi bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti gé ìdí rẹ̀ kúrò yí gbogbo rẹ̀ ká, ó sì fi pákó dé e lórí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ihò náà sọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, orúkọ Táíwò àti orúkọ Kẹ́hìndé nìkan ni Ọmọ́níkẹ́ gbọ́ yé, ara rẹ̀ sì bù máṣọ.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí Ọmọ́níkẹ́ gbọ́ tí Bàbá ń ṣe àlùwàlá. Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ohùn àdúrà fi bẹ̀rẹ̀. Sálífù kò tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Àwọn ọmọ ń sùn. Ó yọ́ jáde.

Ìrì ti mú koríko, ó tutù bí omi kànga lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ohùn arúgbó ń bá a bọ̀ láti ojú fèrèsé, ó ń lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ọmọbìnrin náà sì ń fi ohùn náà ṣe òdiwọ̀n: níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń dún, òun láyè. Ó kúnlẹ̀. Ó ṣí pákó.

Ewé ti dà rú. Ewé ọ̀nà ti yí ojú délẹ̀. Ewé ọba wà létí igi. Ewé onílà méjì sì wà lórí igi gan-an, ó fi ẹ̀gbẹ́ tì í, wọ́n fi òwú fẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ ọn.

Kí wọ́n lọ.

Ọmọ́níkẹ́ kò sunkún. Ẹ̀rù tó bà á ti kọjá ẹkún. Ó ki ọwọ́ bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ihò náà dúdú lábẹ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, atẹ́gùn tútù kan sì ń ti inú rẹ̀ fẹ́ sí i lára. Ó fa ewé náà. Òwú kò fẹ́ já. Ó fà, ó gùn, ó lẹ̀ mọ́ ọn níka. Nínú òkùnkùn ihò, nǹkan kan mira. Ó já ewé náà gbà, ó jù ú sórí òkúta, ó dé pákó, ó sì sá.

Nígbà tó dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ilé ti dákẹ́. Àdúrà ti parí. Kò mọ ìgbà tó parí.

Sálífù dé, wọ́n jọ lọ síbẹ̀. Táíwò wà lẹ́yìn Ọmọ́níkẹ́, Kẹ́hìndé wà ní àyà rẹ̀. Bàbá Ǹsángù ṣí pákó, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ó wò ó pẹ́.

"Ó wà lórí òkúta," Sálífù sọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ohùn rẹ̀ gbọ̀n. "Bàbá, ẹ ò rí i? Kí wọ́n dúró!"

Arúgbó fi ìka tọ ipa òwú tó já lára igi. Ó fi ìka tọ ewé orí òkúta, kò sí òwú kan lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú lé ọmọ rẹ̀.

"Sálífù, aláǹtakùn kì í gbé nǹkan kalẹ̀ láìfi òwú rẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ti wọ ibí. Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi kọ́, Bàbá. Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀."

"O kórìíra kí n gbé wọn lọ. O kò lè sọ ọ́ lójú mi. Ìwọ ni."

"Bàbá, mo fi Ọlọ́run búra—"

"Má fi Ọlọ́run búra níwájú ihò yìí!" Ọ̀rọ̀ náà dún bí ìgbà tí wọ́n na pákó mọ́lẹ̀. Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ẹni tó bá ba ọ̀rọ̀ onílé jẹ́, tó sì tún sẹ́ ẹ, orí ọmọ rẹ̀ ni yóò—"

"Èmi ni!"

Kò mọ̀ pé ohùn òun lè le tó bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú koríko tútù pẹ̀lú ọmọ méjèèjì lára. "Èmi ni, Bàbá. Orí igi ló gbé wọn sí. Èmi ni mo mú un kúrò. Kó jẹ́ èmi ni yóò mú. Kó má mú wọn. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Sálífù fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn mọ́tò òwúrọ̀ ń hó lọ́nà jíjìn. Bàbá Ǹsángù jókòó sílẹ̀, bí ẹni tí eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ. Ó gbé ewé onílà méjì náà, ó ń yí i láàárín ìka rẹ̀. Òwú tó kù lára rẹ̀ ń fò nínú atẹ́gùn.

"Ìwọ ki ọwọ́ bọ inú ibẹ̀?" ó bi í, jẹ́ẹ́jẹ́. "Nígbà tí onílé wà lójúfò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kò bù ọ́ jẹ?"

Ọmọ́níkẹ́ na ọwọ́ rẹ̀. Òwú funfun ṣì lẹ̀ mọ́ ọn níka. Arúgbó di ọwọ́ náà mú, ó yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀.

"Onílé ní kí wọ́n lọ," ó ní níkẹyìn. "Ọwọ́ rẹ ní kí wọ́n dúró. Ó yẹ kó bù ọ́ jẹ, kò sì bù ọ́ jẹ: ó gbọ́ tìrẹ náà." Ó mí kanlẹ̀. "A kò lè fi ọwọ́ òfìfo dá ààfin lóhùn. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ. Èmi ni màá lọ."

"Bàbá!" Sálífù kígbe. "Ẹ ti ta ilé yín. Ta ló kù fún yín ní Fúmbàn?"

"Ibojì àwọn ọba wà níbẹ̀. Wọ́n ń fẹ́ ẹni tí yóò jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Màá sọ fún wọn pé dípò ẹni méjì ni mo wá." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. "Mo ti fẹ́ràn ilé yín yìí. Ibí gbóná dáadáa."

Ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, Bàbá gba ẹgba idẹ méjèèjì lọ́wọ́ Sálífù. Wọ́n kéré fún un, kò lè wọ̀ wọ́n. Ó fi okùn kan so wọ́n, ó gbé wọn kọ́ ọrùn ara rẹ̀. Ó gé irun díẹ̀ lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó dì í pọ̀ mọ́ ewé onílà méjì. Ọmọ́níkẹ́ kúnlẹ̀ láàárín èrò, kò bìkítà.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ṣeun." Ó fẹ́ dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀rù kò jẹ́ kó dákẹ́. "Bàbá... ọjọ́ tí ẹ ò bá sí níbẹ̀ mọ́ ńkọ́?"

Arúgbó fọwọ́ kan orí Kẹ́hìndé, ó fọwọ́ kan orí Táíwò.

"Nígbà náà, kí ìwọ fúnra rẹ bi onílé," ó ní. "Ìwọ ti mọ ọ̀nà ilé rẹ̀."

Ó wọlé lọ, ẹgba méjèèjì ń ro wọnwọn láyà rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fín oògùn kòkòrò ní ẹ̀yìn ọgbà yẹn lójú Ọmọ́níkẹ́. Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ wá ro koríko ibẹ̀, ó jáde tọ̀ wọ́n lọ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó dúró síwájú ẹ̀rọ wọn títí wọ́n fi yà bá ibòmíràn lọ. Tóyìn ní orí ọ̀rẹ́ òun ti dà rú. Láràárọ̀, bó bá ti fún àwọn ọmọ lóúnjẹ tán, yóò gba ojú pákó tó ṣí kọjá, yóò dúró lókèèrè díẹ̀, yóò wò bóyá òwú tuntun wà lẹ́nu ihò.

"Onílé, ẹ káàárọ̀ o."

Bí òwú bá wà, yóò padà sílé, yóò mí. Ṣùgbọ́n bí tẹlifóònù bá dún lójijì, tí ohùn tó ń bọ̀ láti òkèèrè bá kọ́kọ́ ń ṣe wúyẹ́wúyẹ́ kó tó já gaara, kì í dúró gbọ́ bóyá Fúmbàn ni wọ́n ti ń pè, bóyá Bàbá ò sí mọ́. Yóò ju tẹlifóònù sọ́wọ́ Sálífù, yóò sì sáré lọ gbé àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra.